Pirojẹ́kítọ̀ kan ṣoṣo, ọmọ 74: kí lẹ̀yin fi ń kọ́ wọn?

TíṣàÌbàràpá:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Basic Science ni mò ń kọ́ ní JSS 2, nílé ìwé ìjọba kan lágbègbè Ìbàràpá. Ọmọ 74 ló wà nínú kíláàsì mi. Mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó yẹ kó gba èèyàn méjì. Ní táàmù tó kọjá, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ gbé pirojẹ́kítọ̀ kan, láptọ́ọ̀pù kan àti aṣọ funfun tí wọ́n ń tàn án sí wá fún wa. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, wọ́n lọ. Láti ọjọ́ náà, ọ́fíìsì púrínsípà ni ẹrù yẹn wà, wọ́n fi aṣọ bò ó bí ẹni bo òrìṣà.

Wọ́n ti wá ránṣẹ́ báyìí pé àwọn ń bọ̀ wá wo bí a ṣe ń lò ó. Ni púrínsípà bá pàṣẹ pé kí olúkúlùkù olùkọ́ fi kọ́ kíláàsì rẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, kí táàmù yìí tó parí. Ẹnì kan nínú wa tó ń kọ́ Social Studies ti lò ó. Ohun tó ṣe ni pé ó tẹ nóòtì rẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù, ó tàn án sójú ògiri, àwọn ọmọ sì dà á kọ. Mo wò ó títí, mi ò rí ohun tí ìyẹn fi sàn ju pátákó àti ṣọ́ọ̀kì lọ, àfi pé NẸ́PÀ kò lè mú ṣọ́ọ̀kì lọ.

Ìbéèrè mi rèé. Èwo nínú iṣẹ́ JSS 2 ló tọ́ kí èèyàn torí rẹ̀ gbé ẹrù yìí jáde? Báwo lẹ ṣe ń ṣe ti iná? Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nílé ìwé wa, dátà ara mi ni mo máa rà, ẹ sì mọ iye tí dátà jẹ́ lásìkò yìí. Fèrèsé ńláńlá tún wà lọ́tùn-ún lósì yàrá wa, oòrùn sì máa ń wọlé láàárọ̀ títí di ọ̀sán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ayé ti lajú. Mo mọ̀. Ẹni tó ti ṣe é rí ni kó dá mi lóhùn.

ÌyáFísíìsì:

Tíṣà, ẹ kú làálàá. Físíìsì ni mò ń kọ́ ní SS, ní ìhà Ìjẹ̀bú, mo sì ti fi JSS ṣe ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà mo mọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe.

Ẹni tó tẹ nóòtì sójú ògiri yẹn, ẹ má bá a jà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bíi tirẹ̀. Ohun tí pátákó bá lè ṣe, ẹ fi í sílẹ̀ fún pátákó. Ohun tí ojú ọmọ ò lè rí láéláé, tí ẹnu tíṣà ò sì ràn, òun nìkan ni kí ẹ torí rẹ̀ tan ẹ̀rọ. Nínú iṣẹ́ JSS 2, kinetic theory ni mo máa fún yín. A máa ń sọ fún wọn pé èérún kéékèèké ló para pọ̀ di gbogbo nǹkan, pé èérún wọ̀nyẹn ò dúró sójú kan, pé bí ooru bá mú wọn, wọ́n á máa sáré. Àwọn ọmọ á kọ ọ́, wọ́n á há a, wọ́n á gba máàkì, wọn ò ní gbà á gbọ́. Ta ló rí èérún rí?

Ẹ lọ sórí PhET, ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì kan tí àwòrán sáyẹ́ǹsì tó ṣeé fọwọ́ darí wà. Yunifásítì Colorado ní Boulder, ní Amẹ́ríkà, ló ni ín. Carl Wieman, ẹni tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì lọ́dún 2001, ló dá a sílẹ̀ ní 2002, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ wá èyí tó ń jẹ́ States of Matter níbẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti ṣí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú àwọn ọmọ o! Ẹ dáńlóòdù rẹ̀ nílé. Fáìlì kan ṣoṣo ló máa wọlé, .html ló máa parí orúkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni dátà máa lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ tẹ̀ ẹ́, Chrome á ṣí i, kò sì ní bi yín bóyá ẹ ní dátà tàbí ẹ ò ní. Inú flash ni mo kó gbogbo tèmi sí, mo sì fún àwọn olùkọ́ tó kù ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan.

Bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà nìyí. Ẹ̀rọ á wà nílẹ̀, mi ò ní tíì tàn án. Mo máa mú píọ̀wọ́tà méjì wá, ọ̀kan tó ti di yìnyín gbagidi, ọ̀kan tó ṣì jẹ́ omi, mo máa gbé wọn síwájú. Mo máa bi wọ́n pé: kí ló dé tí èyí tó di yìnyín fi wú? Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta omi tútù ti mọ̀ tipẹ́ pé ọ̀rá rẹ̀ máa ń bẹ́ nínú fíríísà, kò sẹ́ni tó bi í rí pé kí ló fà á ni. Mo máa ní kí wọ́n yọ bébà, kí kálukú ya bó ṣe rò pé èérún omi ṣe tò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Kí ẹ máa rìn láàárín wọn, kí ẹ máa wò. Púpọ̀ nínú wọn ló máa ya èérún yìnyín kó fún pọ̀ mọ́ra pinpin. Ẹ ò lè bá wọn wí, ṣebí àwa la kọ́ wọn pé èérún inú ohun líle máa ń fún mọ́ra.

Ìgbà náà ni kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Ẹ mú neon, ọ̀kan lára àwọn nǹkan tó wà níbẹ̀, ẹ tẹ Solid. Á tò pinpin bí wọ́n ṣe yà á gẹ́lẹ́, wọ́n á sì pariwo pé àwọn ti gbà á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo. Ẹ tẹ Liquid, ẹ tẹ Gas, kí wọ́n rí bó ṣe ń tú ká. Ẹ wá yí i sí omi, ẹ tún tẹ Solid, kí ẹ sì pa ẹnu yín dé. Wọ́n á rí i pé èérún omi ò fún mọ́ra bíi ti neon, pé àlàfo wà láàárín wọn. Ọmọ kan, ó sábà máa ń jẹ́ èyí tí kì í sọ̀rọ̀, máa pariwo pé, "Máà, ihò wà nínú ẹ̀!" Kí ẹ wá gbé píọ̀wọ́tà oníyìnyín yẹn sókè. Ẹ ò ní láti sọ nǹkan kan mọ́. Bí omi bá di yìnyín, àyè tó ń gbà máa ń fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ lè kọ ìyẹn sí pátákó nísinsìnyí, torí pé wọ́n ti ní ibi tí wọ́n máa fi sí nínú orí.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe ọmọ kan jáde. Ohun kan wà lábẹ́ àpótí inú àwòrán náà, bí wọ́n bá fà á sókè, iná á máa jó lábẹ́ rẹ̀, bí wọ́n bá fà á sílẹ̀, yìnyín á jáde. Kí ọmọ yẹn di í mú, ṣùgbọ́n kó má tíì fà á. Kí àwọn tó kù sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ná. "Ta ló sọ pé wọ́n á sáré sí i? Ta ló sọ pé wọ́n á dúró?" Kí wọ́n nawọ́. Kó tó wá fà á. Bí ẹ bá jẹ́ kó fà á kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, sinimá lásán lẹ fi hàn wọ́n.

Gbogbo èyí ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí kálukú tún àwòrán tirẹ̀ yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó kọ́kọ́ yà. Ìwé yẹn ni mo máa ń gbà sílẹ̀, ó dára ju ìdánwò kékeré lọ.

Ó ku ti iná. Ẹ wo ẹ̀yìn pirojẹ́kítọ̀ yín, wọ́n kọ iye wáàtì rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn onígílóòbù sábà máa ń jẹ 200 sí 300. Láptọ́ọ̀pù ò jẹ tó ìyẹn rárá, ó sì ní bátìrì tirẹ̀. Nítorí náà, "I better pass my neighbour" lè gbé wọn, àmọ́ iná rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ẹ má so pirojẹ́kítọ̀ mọ́ ọn láìsí stabilizer láàárín. Kí ẹ gbé e sẹ́yìn kíláàsì mìíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ariwo rẹ̀ lẹ máa kọ́ wọn. Èmi ní UPS àlòkù kan, àpótí bátìrì tó ń gbé iná ró fún ìgbà díẹ̀ bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, tí mo gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe bísínẹ́ẹ̀sì káfè tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe láti fi kọ́ iṣẹ́ o. Gílóòbù inú pirojẹ́kítọ̀ máa ń gbóná gan-an, bí ẹ bá pa á, fáànù inú rẹ̀ á ṣì máa yí fún ìgbà díẹ̀ kó lè tutù. Bí NẸ́PÀ bá já a gbà lójijì, fáànù dúró, ooru sì wà nínú rẹ̀. Bó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́, gílóòbù ò ní pẹ́ jó. UPS ló máa ń fún mi láàyè láti pa á bó ṣe yẹ. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta gílóòbù tuntun, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ tẹnu tẹnu.

Ti oòrùn ò le. Ẹ fi ọ̀rá dúdú bo fèrèsé méjì tó súnmọ́ ògiri tí ẹ ń tàn án sí, kí ẹ ṣí àwọn tó wà lẹ́yìn sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ẹ gbé ẹ̀rọ súnmọ́ ògiri kí àwòrán kéré díẹ̀, á mọ́lẹ̀ sí i. Kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn wá jókòó sílẹ̀ níwájú. Wọ́n máa ń fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Bó bá jẹ́ fídíò lẹ fẹ́ lò, ẹ pa ohùn rẹ̀. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ń sáré jù fún ọmọ Ìbàràpá àti ọmọ Ìjẹ̀bú bákan náà. Èmi ni mò ń sọ ọ́, Yorùbá ni mo kọ́kọ́ fi ń sọ ọ́, kí n tó fún wọn ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí WAEC máa bi wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá yọ yín lẹ́nu pé ẹ̀ ń fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ sọ fún un pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1970, ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀.

BabaPátákó:

Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n mo ṣì ń kà. Ìyá Físíìsì, o ṣeun, o sọ̀rọ̀ bí olùkọ́.

Tíṣà, ọmọ mi, má jẹ́ kí ojú kán ẹ. Wọ́n ti ń gbé ẹ̀rọ wá bá wa tipẹ́. Nígbà tí WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1959, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Rédíò náà wà níbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tì mọ́ yàrá. Ohun tí mo rí nínú gbogbo rẹ̀ ni pé píríọ̀dù ò ju 40 ìṣẹ́jú lọ, ẹni tó bá sì ń gbé ẹ̀rọ láti kíláàsì dé kíláàsì ti fi ìdajì rẹ̀ ṣòfò: kó wá soketi, kó wá ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n, kó wá ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

Má gbé ẹ̀rọ lọ bá ọmọ. Sọ fún púrínsípà kó ya yàrá kan sọ́tọ̀, kó fi irin sí fèrèsé rẹ̀, kó kan pirojẹ́kítọ̀ mọ́ àjà tàbí kó so ó mọ́ tábìlì, kí àwọn ọmọ máa wá bá a níbẹ̀. Kó lẹ bébà kan mọ́ ilẹ̀kùn, kí olùkọ́ tó bá fẹ́ lò ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Olè náà ò ní rí i gbé bọ̀rọ̀. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bá wá wò ó nìkan ló máa jáde.

AyọMáàsì:

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Ìkòròdú ni mo wà, iṣẹ́ ìṣirò ni tèmi.

Mo gba ọ̀rọ̀ Màámi wọlé, àmọ́ nínú ìṣirò, èérún kọ́ ni wàhálà wa. Wàhálà wa ni pé ọmọ ń ṣe àṣìṣe nínú ìwé rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rí i títí ọ̀sẹ̀ á fi parí tí n ó fi máàkì. Pirojẹ́kítọ̀ ló gbà mí nínú ìyẹn, mi ò sì lo dátà kankan. Bí mo bá fún wọn ní iṣẹ́, mo máa rìn káàkiri, mo máa fi fóònù mi ya ìwé ọmọ méjì, n ó fi ọwọ́ bo ibi tí orúkọ wà. Wáyà ni mo fi ń so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù. Mo máa tan méjèèjì sójú ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ẹ wo èyí: 3(x − 2) = 12. Ọ̀kan kọ 3x − 6 = 12, èkejì kọ 3x − 2 = 12. Mi ò ní sọ èyí tó tọ́. Mo máa bi wọ́n pé, "Ibo ni ọ̀nà ti yà?" Ká ní pátákó ni mo kọ ọ́ sí, wọ́n á rò pé èmi ni mo gbé e kalẹ̀ láti fi dán wọn wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ bíi tiwọn ni, pẹ̀lú bírò tó ń jò àti etí ìwé tó ti ká, ọ̀rọ̀ náà máa ń di tiwọn. Ọmọ tí mẹ́ta ò bá dé ọ̀dọ̀ 2 nínú ìwé tirẹ̀ náà á ti máa rọra pa á rẹ́ lábẹ́ tábìlì. Èmi náà á ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ó níye ìgbà tí mo máa ń lo GeoGebra fún àwòrán gíráàfù, èyí náà ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹ bá ti fi í sórí láptọ́ọ̀pù. Àmọ́ fọ́tò ìwé ọmọ ni mo fi ń jẹun.

TíṣàÌbàràpá:

Ẹ ṣé o. Ìyá wa, mo ti dáńlóòdù rẹ̀ lálẹ́ àná, mo ṣeré pẹ̀lú rẹ̀ títí ìyàwó mi fi bi mí bóyá géèmù ni. Ihò yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́!

Bàbá, mo ti gbé ọ̀rọ̀ yàrá yẹn dé ọ̀dọ̀ púrínsípà. Wọ́n ní ilé ìwé ò ní yàrá tó ṣófo, àfi láàbù tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká kó àga náà jáde. A ṣì ń bá a bọ̀.

Ohun tó kù tó ń yọ mí lẹ́nu ni pé ọmọ kan péré ló lè fọwọ́ kan láptọ́ọ̀pù, 73 á máa wò. Wọ́n ń dàgbà lọ, JAMB ń bọ̀ níwájú, àwọn kan ò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí láyé wọn. Ṣé ọ̀nà kankan wà?

ỌmọẸdẹ:

Ẹ̀gbọ́n, mo lè sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo wà ní Ọ̀ṣun nígbà tí ìjọba Ògbẹ́ni Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde lọ́dún 2013. Fún ẹni tí kò rí i rí: tábúlẹ́ẹ̀tì ni, wọ́n kó ìwé kíkà sínú rẹ̀, àti ìbéèrè àtijọ́ WAEC àti JAMB. Kí n má purọ́, ìwé kíkà kọ́ la ń ṣí. Ìbéèrè àtijọ́ là ń ṣí, à ń fi bá ara wa díje, ta ló gbà jù.

Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì wa ṣàkíyèsí èyí, kò sì bá wa jà. Ó máa ń yan ìbéèrè márùn-ún fún wa lálẹ́ látinú rẹ̀. Bó bá di àárọ̀, kò ní béèrè ìdáhùn, torí ó mọ̀ pé a ti rí i. Ohun tó máa ń béèrè ni ìdí tí mẹ́ta tó kù fi kùnà. "B ni ìdáhùn, ó dáa. Kí ló ṣe A?" Ọmọ tó bá da ìdáhùn kọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ máa dúró bí òpó. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ ní SS, Bàọ́lọ́jì ni mo mọ̀ jù, ọ̀rọ̀ "kí ló ṣe A" yẹn ló fà á.

Ti JAMB, kọ̀ǹpútà ni gbogbo ènìyàn ti ń fi ṣe é láti 2015. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, torí pé ọmọ lè fi bọ́tìnì mẹ́jọ péré ṣe é láì fọwọ́ kan máòsì: A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí ìdánwò, R láti padà sínú rẹ̀ bí kò bá tíì fẹ́ parí. Ẹ wá kííbọ́ọ̀dù tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kó má so mọ́ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi ìka wá bọ́tìnì mẹ́jọ wọ̀nyẹn láìwolẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ka ìbéèrè jáde. Ìbéèrè 180 ni, wákàtí méjì, ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú àáyá 40 ló wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó ń wá lẹ́tà N kiri lórí kííbọ́ọ̀dù ti jẹ lára ìyẹn.

Bí ilé ìwé yín bá wá rí tábúlẹ́ẹ̀tì àlòkù tàbí kọ̀ǹpútà díẹ̀ kún un lọ́jọ́ iwájú, ẹ wo Kolibri, ètò orí kọ̀ǹpútà kan fún ẹ̀kọ́. Inú láptọ́ọ̀pù kan ni wọ́n ń kó gbogbo ẹ̀kọ́ sí, àwọn ẹ̀rọ tó kù á máa fi Wi-Fi gbà á lára rẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé ni kí ẹ ti kó ẹ̀kọ́ sínú rẹ̀, torí ó máa ń gba àyè gan-an.

Olùkọ́Àkúrẹ́:

Mo kàn fẹ́ fi nǹkan kan kún un, torí kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ AI, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá èèyàn lóhùn bí ẹni, ó sì ti dé ẹ̀gbẹ́ wa. Lọ́dún 2024, Báńkì Àgbáyé ṣe ètò kan ní ìlú Benin, ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn ọmọ SS 1 máa ń dúró lẹ́yìn tí ilé ìwé bá jáde, wọ́n á lo Copilot, AI ti Microsoft, láti fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ṣe é tayọ àwọn tí kò ṣe é nígbà tí wọ́n dán wọn wò, ó sì ṣe àwọn ọmọbìnrin lóore jù.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé wọn ò fi ọmọ àti ẹ̀rọ sílẹ̀. Olùkọ́ wà nínú yàrá, olùkọ́ ló ń gbé iṣẹ́ ọjọ́ náà kalẹ̀ látinú ohun tí ìwé ẹ̀kọ́ ìjọba sọ, ó ń sọ fún wọn bí wọ́n ṣe máa bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè. Nílé ìwé tèmi, mi ò ní íntánẹ́ẹ̀tì tó lè gbé irú ìyẹn. Àmọ́ nínú ilé, èmi fúnra mi máa ń lò ó láti wá àpẹẹrẹ gbólóhùn fún kíláàsì. Ó máa ń kọ ọ́ pẹ̀lú sínóò àti àpúù, n ó sì jókòó yí gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gẹ́ àti òjò.

BabaPátákó:

Yí i sí gààrí. Kò sí ọmọ tí kò mọ gààrí.

TíṣàÌbàràpá:

Ẹ ti gbà mí o. Mo ti rí kííbọ́ọ̀dù méjì gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń tún fóònù ṣe lójà, ọ̀kan ò ní lẹ́tà P, n ó fi máàkà kọ ọ́.

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan péré. Mo gbé fáìlì yẹn sórí fóònù mi, bóyá láptọ́ọ̀pù lè já mi kulẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ bíi ti àwọn tó ń kọ kọ̀ǹpútà ló jáde, mi ò rí àwòrán kankan.

ÌyáFísíìsì:

Ohun tí wọ́n fi ń ka ìwé lórí fóònù yín ló ṣí i. Ẹ fi ìka di fáìlì náà mú títí yóò fi bi yín ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣí i, ẹ mú Chrome. Bí Chrome ò bá sí lára ohun tó kà kalẹ̀, ẹ lọ sínú ibi tí fóònù ń kó dáńlóòdù sí, ẹ ṣí i láti ibẹ̀. Ẹ pa dátà àti Wi-Fi pátápátá kí ẹ tó dán an wò, bó bá ṣiṣẹ́ báyẹn, á ṣiṣẹ́ ní kíláàsì. Ẹ má sì gbàgbé láti fi píọ̀wọ́tà sí fíríísà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí iná ò bá sí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ rán ọmọ lọ sílé ẹni tó ń ta ẹja tútù.